Ta Ló Lọ Sọ? Ìdáhùn fún Òṣìṣẹ́ Ilé Búrẹ́dì Kan ní Òṣogbo

Ìbéèrè: "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé búrẹ́dì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo níbí. A tó ọgbọ̀n níbẹ̀, òru la sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Kò sẹ́ni tí wọ́n fún níwèé ìgbanisíṣẹ́. ₦70,000 ló wà nínú ìwé owó oṣù tí wọ́n ń ní ká fọwọ́ sí, ₦38,000 ni wọ́n ń kà lé wa lọ́wọ́. Lóṣù tó kọjá, ẹ̀rọ mílìn gé ìka ọmọkùnrin ọdún 16 kan. Ọ̀gá fún ìyá rẹ̀ ní ₦20,000, ó ní kó fọwọ́ síwèé pé ọ̀rọ̀ ti parí. Àbúrò mi tó wà lókè òkun sọ fún mi pé lọ́dọ̀ àwọn, ìjọba máa ń rán èèyàn wọ ilé iṣẹ́ lójijì. Ṣé a ní irú ẹ̀ ní Nàìjíríà? Báwo làwọn ìlú yòókù ṣe ń ṣe é? Tí mo bá sì lọ sọ, ṣé wọn ò ní sọ fún ọ̀gá pé èmi ni?"

Arábìnrin mi, ẹ kú ìfaradà. Ìbéèrè yín tó kẹ́yìn ni màá kọ́kọ́ dáhùn, torí òun ló lẹ́rù jù. Rárá, wọn ò gbọdọ̀ sọ. Èmi pàápàá ti yọ àdúgbò yín, orúkọ búrẹ́dì náà àti nǹkan mélòó kan kúrò nínú lẹ́tà yín kí n tó gbé e síbí. Òṣogbo ò tóbi tó bẹ́ẹ̀. Láti Ìgbọ́nà dé Òkè-Fìà, àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì mọ ara wọn.

Lọ́dún 1947 ni ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sọ́rọ̀ òṣìṣẹ́, ṣe Àdéhùn 81 lórí bí ìjọba á ṣe máa bẹ ibi iṣẹ́ wò. Ọdún 1960 tá a gbòmìnira ni Nàìjíríà tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹsẹ 15 nínú àdéhùn yẹn ní kí wolé-wolé ibi iṣẹ́ (ẹ jẹ́ kí n máa pè wọ́n bẹ́ẹ̀, bí wọn kì í tiẹ̀ ṣe àwọn tó ń wo gọ́tà àti ṣáláńgá) fi ẹni tó fẹjọ́ sùn pa mọ́ pátápátá. Kò wá dúró síbẹ̀. Ó tún ní wolé-wolé ò gbọdọ̀ sọ ohunkóhun tó máa jẹ́ kí agbanisíṣẹ́ mọ̀ pé torí ẹjọ́ tí ẹnì kan wá sùn lòun fi wá. Apá kejì yìí gan-an ló ń dáàbò bo èèyàn. Tí ọ̀gá bá ti mọ̀ pé ẹnì kan sọ, kò ní pẹ́ tí yóò fi mọ ẹni náà láàárín ọgbọ̀n èèyàn. Ta ló sunkún jù lọ́jọ́ tí ìka ọmọ yẹn gé? Ta ló lọ́ra kó tó fọwọ́ síwèé? Orúkọ tí wolé-wolé ò dá, ọ̀gá á fúnra rẹ̀ dá a.

Òfin wà, àmọ́ ọ̀tọ̀ ni kí wolé-wolé mọ bí wọ́n ṣe ń fi èèyàn pa mọ́. Èyí ni mo máa ń kọ́kọ́ wò lára ìlú èyíkéyìí tí wọ́n bá ní ó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́. Gbogbo ìlú ló lófin. Kí n rí bí òṣìṣẹ́ ṣe lè sọ̀rọ̀ kó sì padà síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, òun ni mò ń wá.

Ojú àwọn Gẹ̀ẹ́sì rí màbo kí wọ́n tó gbọ́n. Lọ́dún 1802 wọ́n ṣòfin lórí àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ nílé iṣẹ́ òwú, wọ́n sì ní kí adájọ́ àdúgbò àti àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì máa lọ wo ibẹ̀. Adájọ́ àdúgbò wo? Ẹni tó ń bá onílé iṣẹ́ jẹun alẹ́. Òfin náà kú sórí ìwé. Ìgbà tó di 1833 ni wọ́n yan wolé-wolé mẹ́rin tí ìjọba ń sanwó fún, tí wọ́n láṣẹ àtiwọlé. Wọ́n fòfin de ọmọ tí kò tíì pé ọdún 9 ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ òwú, wọ́n sì ní ọmọ tí kò tíì pé 13 ò gbọdọ̀ ju wákàtí 9 lọ lóòjọ́. Èèyàn mẹ́rin ò lè kárí Brítéènì, ẹ ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́rin náà ń kọ ohun tí wọ́n rí ránṣẹ́ sí ìjọba, pàápàá ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹ́ Leonard Horner, ìwé wọn ò sì jẹ́ káwọn aṣòfin lè ní àwọn ò mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá mú wolé-wolé tó mọṣẹ́ wọ ilé búrẹ́dì kan bíi tiyín. Àdéhùn 81 ní kó wọlé láì kọ́kọ́ ránṣẹ́, ìbáà ṣe ọ̀sán, ìbáà ṣe òru. Òfin Iṣẹ́ ti Nàìjíríà náà fún ọ̀gá Lébọ̀, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sọ́rọ̀ òṣìṣẹ́, láṣẹ àtiwọlé tọ̀sán-tòru. Nítorí náà, aago méjì òru ló yẹ kó dé. Tó bá dé ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ẹni tó ń gbálẹ̀ àti akọ̀wé ló máa bá. Kò ní yà sí ọ́fíìsì mánéjà. Kí wọ́n tó ṣí mínírà fún un tán, àwọn ọmọ kékeré ti gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Ìdí ẹ̀rọ ló ń lọ tààrà. Mílìn yẹn, níbi tí rólà méjì ti ń tẹ ìyẹ̀fun, ṣé irin ìdáàbòbò wà lórí rẹ̀, àbí wọ́n ti tú u torí pé ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn? Suwíìṣì tó ń pa á ńkọ́, ṣé ọwọ́ ẹni tó ń ti ìyẹ̀fun bọ̀ ọ́ lè tó o, àbí ara ògiri òdìkejì ló wà? Ó wo ẹsẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́: sílípáàsì, lórí ilẹ̀ tí òróró ti mú kó máa yọ̀. Ó wo ilẹ̀kùn, èwo ni wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tì láti ìta kí wọ́n má bàa jí búrẹ́dì gbé? Irú ilẹ̀kùn títì bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó jẹ́ kí iná ilé iṣẹ́ Triangle ní New York, ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta ọdún 1911, pa èèyàn 146, àwọn ọmọbìnrin tó ń ránṣọ ló pọ̀ jù nínú wọn.

Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó bèèrè ìwé. Ìwé owó oṣù yín á dùn ún wò: ₦70,000 níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, ìfọwọ́sí pé pérépéré. Ẹni tí kò mọṣẹ́ á máàkì rẹ̀, á bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó mọṣẹ́ á mú òṣìṣẹ́ sí kọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, láìsí mánéjà níbẹ̀, torí àdéhùn fún un láṣẹ ìyẹn náà. Kò ní bi wọ́n pé "Èló ni wọ́n ń san fún yín?" Ẹ̀rù á bà wọ́n, wọ́n á ka ohun tó wà nínú ìwé fún un. Ohun tó máa bèèrè ni pé: "Báńkì ni wọ́n ń san án sí, àbí ọwọ́? Ta ló ń kà á? Náírà ẹgbẹ̀rún ni, àbí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta? Kí lẹ kọ́kọ́ fi ṣe lóṣù tó kọjá?" Ẹni tó gba ₦38,000 kì í ráyè ṣírò bí ẹni tó gba ₦70,000 ṣe ń náwó. Tí èèyàn mẹ́jọ bá sì sọ ohun kan náà láì gbọ́ ti ara wọn, ìwé ti wó nìyẹn.

Ẹ kíyè sí i pé mo ní èèyàn mẹ́jọ. Tó bá pe ẹnì kan ṣoṣo sí kọ̀rọ̀, ó ti fi ẹni náà han ọ̀gá. Ó gbọ́dọ̀ pe ẹni tó sọ àti ẹni tí kò sọ, kí àkókò tó lò lọ́dọ̀ kálukú sì jọra. Èyí tó tún gbọ́n jù ni kó bẹ ilé búrẹ́dì méjì mẹ́ta wò lọ́sẹ̀ kan náà, kí tiyín kàn jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ọ̀gá náà ò kúkú sùn. Á ní ọmọ yẹn, ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ni, họ́lídè ló wá lò. Á ní òun ò sanwó oṣù fún yín rárá, iye àpò ìyẹ̀fun tí ẹ bá po lòun fi ń ṣírò. Ẹ má fi èyí ṣeré o. Òfin owó oṣù tó kéré jù lọ, tó di ₦70,000 lọ́dún 2024, kò kan ibi tí òṣìṣẹ́ ò bá ti pé 25, kò sì kan àwọn tí wọ́n ń sanwó fún gẹ́gẹ́ bí iye iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe. Ìdí rèé tó fi yẹ kí ẹ ti kọ ọ́ sínú ẹjọ́ yín pé ẹ tó ọgbọ̀n, àti pé ìparí oṣù ni wọ́n ń sanwó, iye kan náà lóṣooṣù, bóyá àpò pọ̀ tàbí kò pọ̀.

Àbúrò yín ò parọ́, àmọ́ ìlú òyìnbó kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀gá ilé iṣẹ́ iná àti omi ẹ̀rọ kan ní Idaho dí ọ̀nà mọ́ wolé-wolé, ó ní kó fi ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́ hàn òun. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ dá a láre lọ́dún 1978. Láti ìgbà náà, bí ọ̀gá bá fàáké kọ́rí, wolé-wolé tó ń wo ewu ibi iṣẹ́ gbọ́dọ̀ lọ gbàwé kó tó wọlé. Ṣùgbọ́n wọ́n ní eyín níbòmíràn. Òfin wọn ti ọdún 1938 gba ìjọba láyè láti lọ sí ilé ẹjọ́, kí wọ́n má jẹ́ kí ọjà tí wọ́n ṣe láì san owó tó tọ́ fún òṣìṣẹ́ kúrò ní ìpínlẹ̀ kan lọ sí òmíràn. Ká ní a ní irú ẹ̀, tí wọ́n sì ní búrẹ́dì kankan ò gbọdọ̀ gba Ìkìrun tàbí Ẹdẹ lọ títí tí wọ́n á fi san owó yín. Ọjọ́ mélòó ni búrẹ́dì ń lò kó tó bu? Ọ̀gá yín á ti wá owó náà kílẹ̀ tó ṣú.

Ní Brítéènì, láti ìgbà òfin wọn ti 1974, wolé-wolé fúnra rẹ̀ lè kọ̀wé lórí ìdúró pé ẹ̀rọ yìí ò gbọdọ̀ yí mọ́ títí wọ́n á fi tún un ṣe. Ọ̀tọ̀ làwọn tó ń wo owó oṣù níbẹ̀. Ní Jámánì, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ló ń lọ láti ibi iṣẹ́ dé ibi iṣẹ́ wò ó bóyá wọ́n ń san owó oṣù tó kéré jù lọ, èyí tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2015. Ní Faransé, ẹnì kan náà ló ń wo owó, wákàtí, ọjọ́ orí àti ẹ̀rọ. Tiwọn ló bá ọ̀rọ̀ yín mu jù lójú tèmi, torí ní ilé búrẹ́dì yín, owó tí kò pé, ọmọ tí kò tíì dàgbà àti mílìn tí kò nírin, ọ̀ràn kan ṣoṣo ni. Ní Nàìjíríà, ẹ̀ka kan ní iléeṣẹ́ Lébọ̀ ló ń wo owó àti ìwé ìgbanisíṣẹ́, ẹ̀ka mìíràn ló ń wo ẹ̀rọ àti ewu. Ẹ rántí èyí, mo ń padà bọ̀ sórí ẹ̀.

Ti Sweden ló wù mí jù. Àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn ló ní aṣojú lórí ewu, aṣojú yìí sì láṣẹ láti dá iṣẹ́ tó lè pààyàn dúró títí tí wolé-wolé á fi dé. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó lágbára ló gbé ìyẹn ró. Ilé búrẹ́dì tí kò sí ẹgbẹ́ kankan ò lè kàn dìde lọ́la kó ní òun náà á ṣe bẹ́ẹ̀.

Brazil ló kọ́ mi nípa ìbẹ̀rù. Láti ọdún 1995 ni wọ́n ti ń rán ikọ̀ kan kiri oko àti igbó ibẹ̀ láti tú àwọn tí wọ́n ń lò bí ẹrú sílẹ̀. Ikọ̀ náà kì í ṣe ti àdúgbò, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń wá pẹ̀lú ọlọ́pàá, nítorí wọ́n mọ̀ pé ẹni tó wà ní ìlú kan náà pẹ̀lú olóko kì í pẹ́ di ọ̀rẹ́ rẹ̀ tàbí ẹni tó ń bẹ̀rù rẹ̀. Ó ti lé ní 60,000 èèyàn tí wọ́n tú sílẹ̀, wọ́n sì ń tẹ orúkọ àwọn tó ṣe é jáde fún gbogbo ayé. Kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀rín. Lọ́jọ́ 28 oṣù kìíní ọdún 2004, wọ́n yìnbọn pa wolé-wolé mẹ́ta àti awakọ̀ wọn ní Unaí.

Kí n tètè fi ìkìlọ̀ kan sí i lórí sáátífíkéètì. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2012, ilé iṣẹ́ aṣọ kan jóná ní Karachi, Pakistan, ó pa èèyàn tó lé ní 250. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú ni iléeṣẹ́ aládàáni kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un níwèé pé ibẹ̀ dára. Bí ọ̀gá yín bá ń na nọ́ńbà NAFDAC sókè, búrẹ́dì ni NAFDAC ń ṣọ́ fún ẹni tó máa jẹ ẹ́, kì í ṣe ìka ẹni tó po ó.

Ó wá kù sílé wa. Abẹ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan ni òfin òṣìṣẹ́ wà nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, nítorí náà ẹ má wulẹ̀ wọkọ̀ lọ sí Abẹ́rẹ̀, ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀. Ọ́fíìsì Lébọ̀ ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Òṣogbo lẹ ń lọ, ọ̀dọ̀ Kọ̀ǹtírólà, ìyẹn ọ̀gá ibẹ̀. Màá sọ òótọ́ ibẹ̀ fún yín. Àwọn wolé-wolé ò pọ̀. Òdiwọ̀n tí ILO ń lò ni ẹnì kan fún òṣìṣẹ́ 10,000 láwọn ìlú tó ti rọ́wọ́ mú, ẹnì kan fún 40,000 láwọn ìlú tó tálákà jù. Owó ìtanràn tó wà nínú Òfin Iṣẹ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ lórí owó òṣìṣẹ́ ò sì ju ₦800 lọ nígbà àkọ́kọ́, ₦1,500 tó bá tún ṣe é. Bí òfin náà ṣe wà láti àwọn ọdún 1970 nìyẹn. ₦800 ò ra búrẹ́dì ńlá kan lára èyí tí ẹ ń ṣe. Bí wọ́n bá sì bèèrè owó epo mọ́tò lọ́wọ́ yín, ẹ má san án. Àdéhùn 81 kan náà ní kí ìjọba pèsè ohun ìrìn-àjò fún wọn. Ẹni tó bá gba owó epo lọ́wọ́ yín lónìí á gba ti ọ̀gá lọ́la.

Ìyẹn ò sọ pé kí ẹ jókòó. Ibi tí òfin ti mú ṣinṣin jù nínú ọ̀rọ̀ yín ni ìka ọmọ yẹn, ibẹ̀ sì ni màá ní kí ẹ gbà wọlé. Òfin Iṣẹ́ sọ pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ òru. Àyè tó ṣí sílẹ̀ fún àwọn tó ti lé ní 16, iṣẹ́ bí irin rírọ àti gíláàsì ni, búrẹ́dì ò sí níbẹ̀. Òfin Ilé Iṣẹ́ ti 1987 ní kí wọ́n fi ìdáàbòbò sí gbogbo ibi tó léwu lára ẹ̀rọ, bí ìpalára bá sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èèyàn ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, kí ọ̀gá kọ̀wé sí wolé-wolé tó súnmọ́ jù. Òfin owó gbà-má-bínú ti 2010 wá pa á láṣẹ fún agbanisíṣẹ́ láti máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù tó ń san sọ́dọ̀ NSITF, àjọ ìjọba tó ń san owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa, kó sì ròyìn ìjàǹbá láàárín ọjọ́ 7. Òfin náà ka ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́. Ìwé tí ìyá ọmọ náà fọwọ́ sí kò gba ẹ̀tọ́ náà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, torí òfin ò gba ẹnikẹ́ni láyè láti fi àdéhùn yẹ̀ ẹ́. Ọdún kan gbáko ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un láti bèèrè, ṣùgbọ́n kó má dúró dìgbà náà.

Nítorí náà, ẹ̀yin kọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ìyá ọmọ náà ni kó lọ. Kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọ̀gá ò lè lé e, bí ọ̀gá bá sì mọ̀ pé òun ló sọ, kò sí ohun ìyanu níbẹ̀, ìyá tí ìka ọmọ rẹ̀ gé ni. Ẹjọ́ tirẹ̀ nìkan tó láti gbé wolé-wolé wọlé. Tó bá ti wọlé, gbogbo ohun tí ẹ sọ fún mi ni ojú rẹ̀ á rí: ìwé ìgbanisíṣẹ́ tí kò sí, bẹ́ẹ̀ sì ni òfin ní kó tẹ òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ láàárín oṣù mẹ́ta, ìwé owó oṣù, àwọn ọmọ òru. Kí ẹ̀dà ìwé ẹjọ́ náà jẹ́ mẹ́ta, ọ̀kan fún ẹ̀ka tó ń wo owó, ọ̀kan fún ẹ̀ka tó ń wo ẹ̀rọ, kí ẹ̀kẹta sì lọ sọ́dọ̀ NSITF.

Iṣẹ́ tiyín ni pé nígbà tí wọ́n bá pè yín sí kọ̀rọ̀ pẹ̀lú àwọn yòókù, ẹ sọ òótọ́, kí ẹ sì ti ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Ẹ máa kọ ọjọ́ tí wọ́n sanwó àti iye tó tẹ̀ yín lọ́wọ́ sínú ìwé kékeré kan nílé, ẹ má kọ ọ́ sórí fóònù tí ẹ ń mú lọ síbi iṣẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ kọ lẹ́tà tiyín sí Lébọ̀, ẹ má fi ohun tó jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n sínú rẹ̀, ẹ má sì lọ tẹ̀ ẹ́ ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé búrẹ́dì. Bí ẹ bá gbọ́ pé ẹnì kan ní ọ́fíìsì náà àti ọ̀gá yín jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà, Abuja ni kí ẹ kọ ọ́ sí tààrà, kí ẹ ní kí wọ́n rán àwọn tó wá láti ìta. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ilé oúnjẹ, NUFBTE, tún lè bá yín gbé e. Ìyẹn á gba àsìkò, torí ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kó ara yín jọ láì pariwo.

Kí ìyá ọmọ náà má fi ojúlówó ìwé ọsibítù sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Fótókópì ni kó fún wọn, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n gbà á sára ẹ̀dà tó máa gbé padà sílé.